Ṣé fucoidan ló jí sẹ́ẹ̀lì ni, àbí ìdọ̀tí bakitéríà? (Sargassum lórí RAW 264.7)

Akẹ́kọ̀ọ́_Akọkà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ fucoidan ni mo gbé wá, ìyẹn ṣúgà alásopọ̀ gígùn tó ní sulfate lára, tó wà nínú ewéko òkun aláwọ̀ ilẹ̀. Sargassum tí omi ń gbá sí etíkun Tarkwa Bay la fi ṣe iṣẹ́ náà.

Ìgbésẹ̀ rẹ̀ rèé. Omi ẹ̀rọ la fi fọ̀ ọ́, a sá a gbẹ, a lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹtánọ́ọ̀lù 80% la fi fọ àwọ̀ àti ọ̀rá kúrò lára rẹ̀. A wá rẹ ẹ́ sínú omi 70°C fún wákàtí 3, a sẹ́ ẹ, a fi CaCl₂ 2% lé alginate, ṣúgà mìíràn inú ewéko náà, sísàlẹ̀, a sì fi ẹtánọ́ọ̀lù mú fucoidan jáde. Ọjọ́ 3 ló lò nínú àpò dialysis (àpò oníhò tíntìntín tó ń jẹ́ kí iyọ̀ àti ohun kéékèèké jáde sínú omi) lórí tábìlì kó tó wọ ẹ̀rọ tó ń fi òtútù gbẹ nǹkan.

Macrophage eku, RAW 264.7, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń gbé kòkòrò àrùn mì, ni sẹ́ẹ̀lì tí a lò. Ìwọ̀n fucoidan jẹ́ 10, 25, 50, 100 àti 200 µg/mL, fún wákàtí 24. Nitrite tí àyẹ̀wò Griess fi hàn (àmì NO, gáàsì tí macrophage ń ṣe bó bá jí) ga láti 10 µg/mL, ó sì dúró síbẹ̀ títí dé 200; kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ sí ti LPS (ohun ara bakitéríà) tí a fi ṣe òdiwọ̀n. Nígbà tí a fi polymyxin B, òògùn tó ń di LPS mú, 10 µg/mL sí i, gbogbo rẹ̀ wálẹ̀. MTT, àyẹ̀wò àwọ̀ tó ń fi hàn bóyá sẹ́ẹ̀lì wà láàyè, ní sẹ́ẹ̀lì kò kú, ó tilẹ̀ ga ju ti àwọn tí a kò fi nǹkan kan sí.

Ṣé a lè kọ ọ́ pé fucoidan yìí ń jí macrophage?

Màmá_Láàbù

Ẹ kò tíì lè kọ ọ́, ọmọ mi. Ohun tí ẹ rí yìí, endotoxin ló jọ. Endotoxin ni LPS tó wà lára awọ ìta àwọn bakitéríà Gram-negative, bẹ́ẹ̀ sì ni bakitéríà bo ara gbogbo ewéko tó ń gbé inú òkun.

Ẹ wo bí iye nitrite yẹn ṣe dúró lójú kan. Ohun tó bá ń fi agbára ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí sẹ́ẹ̀lì sábà máa ń gòkè bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ṣe ń gòkè. LPS ní tirẹ̀ kì í béèrè púpọ̀: 1 ng/mL ti tó kí RAW 264.7 gbéra. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní LPS 10 ng péré ló wà nínú mílígíráàmù 1 ìyẹ̀fun yín, ìyẹn 0.001%. Bí ẹ bá da 100 µg/mL sórí sẹ́ẹ̀lì, LPS 1 ng/mL ti bá a wọlé nìyẹn. Ojú kò lè rí i, òṣùwọ̀n ṣúgà kò lè rí i, Bradford tó ń wọn púrótéènì kò lè rí i, ṣùgbọ́n TLR4, ojú tí macrophage fi ń dá LPS mọ̀, á rí i kíá. Tiyín tó ti kún láti 10 µg/mL, ìdọ̀tí rẹ̀ ní láti ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Èyí tó ká mi lára jù ni ọjọ́ 3 lórí tábìlì. Nínú yàrá tó ń tó 30°C l'Ékòó níbí, omi ṣúgà nínú àpò jẹ́ oúnjẹ àti ilé fún bakitéríà. Àpò dialysis kò sì ní tú LPS sílẹ̀ kó jáde, nítorí LPS máa ń dì mọ́ ara rẹ̀ nínú omi di ohun ńlá tí ihò àpò kò gbà.

Sẹ́ẹ̀lì_Ìdí_Àràbà

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Èmi náà gbà pé endotoxin ni ká kọ́kọ́ fura sí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí polymyxin, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń ṣìnà. Pọ́sítíìfù ni iná ara polymyxin B. Fucoidan tó kún fún sulfate, nẹ́gátíìfù ni. Àwọn méjèèjì lè lẹ̀ mọ́ra. Nítorí náà, bí polymyxin bá pa iṣẹ́ fucoidan, ó lè jẹ́ LPS ló dì mú, ó sì lè jẹ́ fucoidan gan-an. Bí kò bá sì pa á, ó lè jẹ́ pé fucoidan ti gba polymyxin mọ́ LPS lọ́wọ́. Àbúrò, wíwálẹ̀ tó wálẹ̀ yẹn nìkan kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ohun tí ẹ máa fi sínú àwo oníhò 96 yín nìyí, ihò 3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: LPS 10 ng/mL nìkan, LPS pẹ̀lú polymyxin, èyí tí NO rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀; Pam3CSK4 (ohun mìíràn tó ń jí macrophage) 100 ng/mL pẹ̀lú polymyxin, èyí tí NO rẹ̀ kò gbọdọ̀ wálẹ̀, nítorí TLR2, ẹnu ọ̀nà mìíràn, ló ń gbà wọlé; polymyxin nìkan, ká lè mọ̀ pé kò pa sẹ́ẹ̀lì. Ẹ kọ́kọ́ po polymyxin mọ́ àpẹẹrẹ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó dà á sórí sẹ́ẹ̀lì. Ẹ má pò ó nínú àwo.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ fi TAK-242, òògùn tó ń dí TLR4, 1 µM kún un, wákàtí 1 ṣáájú àpẹẹrẹ. Òun kì í di LPS mú, inú TLR4 fúnra rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà sulfate kò lè tàn án. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ibi tí agbára rẹ̀ mọ: bí TAK-242 bá dá gbogbo rẹ̀ dúró, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ló sọ fún yín, kò sọ ẹni tó wọlé. Àwọn ìwádìí kan sọ pé fucoidan pẹ̀lú ń gba TLR4.

Ẹ̀rí tó lágbára jù ni kí ẹ fi ènsáìmù gé ṣúgà yẹn wẹ́wẹ́. Alginate lyase fún alginate, laminarinase fún laminarin (ṣúgà mìíràn inú ewéko aláwọ̀ ilẹ̀), fucoidanase fún fucoidan bí ẹ bá rí èyí tó mọ irú fucoidan yín í gé. Bí iṣẹ́ bá lọ lẹ́yìn tí ẹ gé e, ṣúgà ló ń ṣe é. Bí kò bá lọ, ẹ wá nǹkan mìíràn. Ẹ máa fi ènsáìmù nìkan sí ihò tirẹ̀ o, torí inú E. coli ni wọ́n ti ń pèsè púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì lè gbé LPS tiwọn wá.

Akẹ́kọ̀ọ́_Akọkà

Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. A ti fi àpẹẹrẹ náà sí autoclave (ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi gbígbóná pa kòkòrò) ní 121°C, a sì fi asẹ́ 0.22 µm sẹ́ ẹ kó tó kan sẹ́ẹ̀lì. Ṣé ìyẹn kò lè pa LPS ni? LAL, àyẹ̀wò endotoxin, la sì ń gbèrò láti fi wọ̀n ọ́n.

Màmá_Láàbù

Kò lè pa á. Autoclave ń pa bakitéríà, ó ń fi òkú rẹ̀ sílẹ̀, òkú yẹn ni LPS. Asẹ́ 0.22 µm ń mú bakitéríà odindi, LPS á kọjá. Ohun tó ń run LPS lára ìgò ni iná gbígbẹ: 250°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, ìgò tí ẹ fi fọ́ìlì bò. Ohun oníke, ẹ ra èyí tí wọ́n kọ sí lára pé kò ní pyrogen (ohun tó ń fa ibà, bí endotoxin). Ẹ lè rẹ ìgò sínú NaOH 0.5 M mọ́jú, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí NaOH yìí kan fucoidan, ó lè bọ́ acetyl àti sulfate kúrò lára rẹ̀, ohun tí ẹ bá wá fi sórí sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ohun tí ẹ yọ mọ́.

LAL dára, ó sì ní ọ̀fìn méjì fún ewéko òkun. Èkíní, ẹ̀jẹ̀ akàn horseshoe tí wọ́n fi ń ṣe é ní ọ̀nà méjì tó ń gbà dì: Factor C ń dá LPS mọ̀, Factor G ń dá β-1,3-glucan mọ̀. Laminarin tó wà nínú ewéko aláwọ̀ ilẹ̀, β-1,3-glucan ni. Díẹ̀ tó bá ṣẹ́kù lára fucoidan yín, LAL á pariwo endotoxin nígbà tí kò sí. Ẹ lo ohun èlò tó ní búfà adènà β-glucan, tàbí kí ẹ lo recombinant Factor C (Factor C tí wọ́n ṣe ní láàbù), tí kò ní Factor G rárá.

Èkejì lòdì sí èkíní. Fucoidan ń di káṣíọ́ọ̀mù àti mànẹ́síọ́ọ̀mù mú, ó sì lè mú ènsáìmù LAL dákẹ́, ẹ ó wá rò pé àpẹẹrẹ yín mọ́. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ bu LPS tí ẹ mọ iye rẹ̀ sínú àpẹẹrẹ, kí ẹ wò ó bóyá ó padà yọ. Bí ohun tó yọ bá wà láàárín 50% sí 200% iye tí ẹ bù sí i, ẹ gba èsì yẹn. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ là á pọ̀ sí i, 1:10, 1:100, 1:1000, títí yóò fi wọ ààlà.

Kí ẹ sì kọ èsì ní EU (endotoxin unit, òṣùwọ̀n endotoxin) fún mílígíráàmù kan, kì í ṣe «kò sí endotoxin». EU 1 tó nǹkan bí 0.1 ng LPS.

Oníkẹ́míkà_Ọjọ́ta

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìyọkúrò, torí bí ìbẹ̀rẹ̀ bá dọ̀tí, kò sí àyẹ̀wò tó máa tún un ṣe.

Láti 2011 ni Sargassum ti ń ya wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti Karibíánì ní òkìtì, S. natans àti S. fluitans ló pọ̀ jù nínú wọn. Èyí tó ń léfòó lórí omi ni kí ẹ mú, kì í ṣe èyí tó ti sùn sórí iyanrìn. Èyí tó bá ti ń rùn bí ẹyin dídíbàjẹ́, H₂S ti ń jáde lára rẹ̀, bakitéríà ti jẹ ẹ́ kọjá. Ẹ fi omi òkun mímọ́ gbọn iyanrìn àti akàn wẹ́wẹ́ kúrò, kí ẹ wá fi omi tútù ṣàn án kíákíá. Bí ẹ bá rẹ ẹ́ pẹ́ nínú omi tí kò níyọ̀, mannitol àti laminarin á tú dànù. Omi kànga ẹ̀rọ àti omi inú ọ̀rá kò bójú mu fún fífọ̀ ìkẹyìn, omi dístílì ni. Gbígbẹ: 40 sí 50°C nínú ẹ̀rọ. Sísá sórí òrùlé lásìkò òjò túmọ̀ sí kí ewéko wà nínú ọ̀rinrin fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, ìdíbàjẹ́ ni.

Ẹtánọ́ọ̀lù 80%, ẹ̀ẹ̀mẹta, 1 g sí 10 mL. Ẹ má ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré. Phlorotannin, tánnìn ewéko òkun, ló wà nínú àwọ̀ yẹn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ fucoidan. Òun fúnra rẹ̀ ń dẹ́kun NO nínú macrophage, nítorí náà fucoidan tó dọ̀tí lè máa jí sẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú LPS kó sì tún máa pa á lẹ́nu mọ́ pẹ̀lú phlorotannin lẹ́ẹ̀kan náà. Irú èsì bẹ́ẹ̀ kò ní ìtumọ̀.

Ìwọ̀n ẹtánọ́ọ̀lù níbi ìgbéjáde: bí ti yín bá jẹ́ 96%, fún gbogbo 100 mL omi àyọ, 46 mL ló ń gbé e dé 30%. Ẹ fi sí 4°C mọ́jú, ẹ yí i nínú sẹntirifúùjì, ẹ da ohun tó sùn sísàlẹ̀ nù: alginate tó ṣẹ́kù àti púrótéènì ló pọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tún fi bí 223 mL kún èyí tó ṣẹ́kù, ó ti dé 70%, fucoidan á jáde. Ẹ fi hydrometer wọn ẹtánọ́ọ̀lù inú kẹ́ẹ̀gì kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára, kí ẹ sì rántí pé 20°C ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ hydrometer fún. Nínú ooru wa níbí, ó máa ń ka ẹtánọ́ọ̀lù ju bó ti yẹ lọ.

Dialysis: àpò 3.5 kDa, kúlà tó kún fún yìnyín tàbí fíríìjì 4°C, omi dístílì tuntun ní wákàtí 6 sí 8. Wákàtí 24 sí 36 ti tó bí ẹ bá ń pààrọ̀ omi déédéé. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, kúlà dára ju fíríìjì lọ. Àwọn kan ń bu sodium azide sí i kí bakitéríà má baà hù. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń pa sẹ́ẹ̀lì náà, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ fi omi mímọ́ lé e jáde pátápátá. Omi tí wọ́n fi ń po abẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi tú ìyẹ̀fun ìkẹyìn. Ààlà endotoxin tirẹ̀ jẹ́ 0.25 EU/mL, ẹ lè rà á ní ilé òògùn.

Kí ẹ tó pe nǹkan ní fucoidan: phenol-sulphuric ní 490 nm fún àpapọ̀ ṣúgà, cysteine-sulphuric fún fucose, ẹ yọ 430 nm kúrò nínú 396 nm, BaCl₂-gelatin ní 360 nm fún sulfate lẹ́yìn tí ẹ ti sè é nínú HCl 1 M, Folin fún phlorotannin, phloroglucinol ni òdiwọ̀n rẹ̀. Ẹni tó bá kọ «fucoidan 100 µg/mL» láìsọ iye sulfate rẹ̀ àti bó ṣe gùn tó, kò sí ẹni tó lè tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Sẹ́ẹ̀lì_Ìdí_Àràbà

Ọ̀gá Ọjọ́ta, ẹ káre. Phlorotannin tí ẹ dárúkọ ló lè ṣàlàyé MTT tó ga ju àwọn aláìlóògùn lọ. Ó lè yí MTT padà sí àwọ̀ elésè àlùkò láìsí sẹ́ẹ̀lì kankan. Àbúrò, ẹ ṣe ihò tí kò ní sẹ́ẹ̀lì: oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì, àpẹẹrẹ ní 200 µg/mL, MTT, kí ẹ yọ ohun tó bá yọ níbẹ̀ kúrò. Griess bákan náà, torí ewéko òkun ń tọ́jú nitrate àti nitrite tirẹ̀. Kí ẹ sì fi omi saline fọ sẹ́ẹ̀lì kí MTT tó wọlé.

Ohun mìíràn tó ń ba èsì jẹ́ ni dídì. Káṣíọ́ọ̀mù 1.8 mM ló wà nínú oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì DMEM, alginate tó bá ṣẹ́kù lè di jẹ́lì bo sẹ́ẹ̀lì mọ́lẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á máa wá oúnjẹ àti afẹ́fẹ́, ẹ ó sì pè é ní májèlé. Káṣíọ́ọ̀mù RPMI, oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì mìíràn, jẹ́ bí 0.42 mM, ó sàn díẹ̀. Ẹ wo ihò lábẹ́ máíkírósíkóòpù kí ẹ tó kà á.

Ẹ má sì dúró lórí eku nìkan. Macrophage ènìyàn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe NO nínú àwo, TNF-α àti IL-6, àwọn ìránṣẹ́ àjẹsára tí sẹ́ẹ̀lì ń tú jáde, ni kí ẹ wọ̀n lára rẹ̀. Ẹ da ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sórí Ficoll (omi tó ń ya ẹ̀jẹ̀ funfun sọ́tọ̀) 1.077 g/mL, 400 g fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ pa bíréèkì sẹntirifúùjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ipele funfun yẹn á dàrú mọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa. TNF ń yá, ẹ gbà á ní wákàtí 4 sí 6. IL-6 ní wákàtí 24. Ẹ̀jẹ̀ ẹni 3 ó kéré tán, torí ara ènìyàn kò dọ́gba.

Apòògùn_Ìdúmọ̀tà

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ọjọ́ kan ò ní lọ kí ẹnìkan má béèrè sea moss lọ́wọ́ wa, tí wọ́n ní ó ń «gbé àjẹsára ró». Ṣé òun náà ní fucoidan? Kí la lè fi gbogbo ẹnu sọ fún oníbàárà?

Sẹ́ẹ̀lì_Ìdí_Àràbà

Rárá, kò ní in. Ewéko pupa ni sea moss, Chondrus, Gracilaria tàbí Eucheuma ló sábà máa ń wà nínú ọ̀rá yẹn. Carrageenan tàbí agar ni tiwọn. Ṣúgà inú ewéko òkun kì í ṣe ẹyọ kan, wọn kì í sì í ṣe iṣẹ́ kan náà.

Fucoidan ń lẹ̀ mọ́ P-selectin àti L-selectin, àwọn ìkọ́ tí ẹ̀jẹ̀ funfun fi ń rọ̀ mọ́ ògiri iṣan kó tó wọ ibi tó wú. Bó bá dí ìkọ́ yẹn, ẹ̀jẹ̀ funfun kò ní dúró. Ìdákẹ́ nìyẹn, kì í ṣe jíjí. Alginate ní ṣúgà méjì, M àti G, èyí tí M pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń mú monocyte (ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń di macrophage) tú TNF jáde. Laminarin tún yàtọ̀ pátápátá: Dectin-1, ojú tí ẹ̀jẹ̀ funfun fi ń rí β-glucan, ló ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n β-glucan tó bá yòrò kan ń dí Dectin-1 ni, èyí tó jẹ́ hóró líle bí ara ìwúkàrà ló ń tan iná rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ láàbù fi ń lo laminarin láti pa Dectin-1 lẹ́nu mọ́. Dectin-1 kò sì pọ̀ lára RAW 264.7, ẹni tó bá fi laminarin sórí rẹ̀ tó rí NO púpọ̀, kó tún padà lọ wo endotoxin.

Carrageenan ní tirẹ̀, ẹ bi àwọn oníwádìí òògùn: 0.1 mL ti 1% lábẹ́ ẹsẹ̀ eku ńlá ni wọ́n fi ń mú kó wú láti 1962, kí wọ́n lè dán òògùn ìwúlé wò. Abẹ́rẹ́ nìyẹn o, kì í ṣe jíjẹ. Irú carrageenan tí wọ́n ń pè ní lambda, tó ní sulfate 3 fún ìsopọ̀ ṣúgà méjì ni wọ́n sábà ń lò. Iota ní 2, kappa ní 1.

Apòògùn_Ìdúmọ̀tà

Ẹ ṣeun. Ìyẹn ni pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú àwo kò rí bákan náà nínú ikùn.

Màmá_Láàbù

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ènìyàn kò ní ènsáìmù tó ń gé àwọn ṣúgà yìí. Bakitéríà inú ìfun ló ń jẹ ẹ́, bí ó bá ní irinṣẹ́ rẹ̀. Ní 2010 ni wọ́n fi hàn pé bakitéríà inú ìfun àwọn ará Japan ti gba jíìnì tó ń gé porphyran, ṣúgà ewéko òkun pupa, láti ara bakitéríà òkun. Díẹ̀ ló ń wọ ẹ̀jẹ̀ nínú fucoidan tí ènìyàn bá gbé mì, nítorí náà 100 µg/mL lórí sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe òdiwọ̀n ṣíbí kankan.

Ní ti oníbàárà yín, ohun tí ẹ máa béèrè nìyí. Ṣé ó ń lo warfarin tàbí òògùn mìíràn tó ń dènà kí ẹ̀jẹ̀ dì? Fucoidan ń ṣe bíi heparin, ó lè fi kún un. Ṣé ó ní gẹ̀gẹ̀ tàbí àìsàn thyroid? Áyódìnì 150 µg ni àgbàlagbà nílò lóòjọ́, iyọ̀ wa ti ní in, ewéko òkun sì lè kọjá ìyẹn lọ fíìfíì. Èyí tí wọ́n kó ní etíkun wa láìyẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má tà á fún jíjẹ. Sargassum ń fa arsenic mọ́ra láti inú omi, ọkọ̀ òkun sì ń gba ẹnu Tarkwa Bay kọjá.

Akẹ́kọ̀ọ́_Akọkà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. A ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀: dialysis nínú kúlà, recombinant Factor C pẹ̀lú LPS tí a bù sí i, TAK-242, Pam3CSK4, ihò aláìní sẹ́ẹ̀lì. Bí endotoxin bá sì ṣì yọ ńkọ́? Ṣé ọ̀nà wà láti yọ ọ́ kúrò lára fucoidan?

Oníkẹ́míkà_Ọjọ́ta

Ó wà, kò rọrùn. Ọ̀wọ̀n (column) tó ń mú nẹ́gátíìfù kò wúlò, fucoidan àti LPS jọ máa lẹ̀ mọ́ ọn ni. Polymyxin lórí ọ̀wọ̀n náà lè gba fucoidan yín. Triton X-114, irú ọṣẹ kan, ló sàn: 2% nínú àpẹẹrẹ, ẹ rú u ní 4°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ gbé e lọ sí 37°C kó pín sí méjì, ẹ yí i, ẹ mú omi òkè, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta. LPS máa ń bá Triton lọ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tún fi ẹtánọ́ọ̀lù 70% gbé fucoidan jáde, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, torí Triton tó bá ṣẹ́kù ń fọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì. Ẹ gba àpẹẹrẹ ṣáájú àti lẹ́yìn fún Factor C, kí ẹ sì tún sulfate wọ̀n.